Ẹ̀rọ ìkàwé wo ló yẹ ẹni tó ń rìn láàárín Àbújá, Kàdúná àti Ìlọrin?

Àjọkẹ́ Gwarinpa
Ọjọ́ Àìkú, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni iṣẹ́ ń gbé mi láti Àbújá lọ sí Kàdúná. Ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń wọ̀ ní Idu, títí dé Rigasa. Tí ọdún bá sì dé, ojú títì ni mo máa ń gbà lọ kí àwọn òbí mi ní Ìlọrin, odindi ọjọ́ kan nìyẹn máa ń jẹ. Ìwé ni mo fẹ́ máa fi gbogbo àkókò yẹn kà.

Láti ọdún méjì sẹ́yìn, fóònù ni mo ti fi ń kàwé, ó sì ti sú mi. Tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé báyìí, ojú ara mi ni mo ń rí nínú rẹ̀, mi ò ní rí ọ̀rọ̀ kankan kà. Kí n tó dé Rigasa, bátìrì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ fóònù yìí kan náà ni mo fẹ́ fi pe ẹni tó ń bọ̀ wá gbé mi. Tó bá di alẹ́, ojú á máa ta mí.

Oríṣi ìwé mẹ́ta ni mò ń kà: ìtàn Yorùbá tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tẹ̀wé máa ń fi ránṣẹ́ sí mi ní fáìlì EPUB, ìtàn àròsọ èdè òyìnbó, àti ìwé ìdánwò ICAN ti àwọn akáǹtàǹtì tó jẹ́ fáìlì PDF. Ẹ̀rọ ìkàwé Kindle ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ fún mi, àfi ẹnì kan níbi iṣẹ́ tó ní Kobo ni kí n rà. Owó tí mo tù jọ, ọ̀kan ṣoṣo ló tó rà. Mi ò fẹ́ ṣì í rà.

Bàbá Ìbejì Kúbwà
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:02 alẹ́

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí owó tó jáde lápò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí fóònù. Fóònù ń tan iná láti ẹ̀yìn wá sí ọ lójú. Ẹ̀rọ ìkàwé ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní E Ink ló wà lójú rẹ̀: àwọn hóró wínníwínní, funfun àti dúdú, tí iná bátìrì máa ń fà wá sókè tàbí kó tì wọ́n lọ sísàlẹ̀. Tí wọ́n bá ti jókòó síbi tó yẹ wọ́n, wọn ò jẹ iná mọ́ títí o fi máa ṣí ewé mìíràn. Ohun tó fà á nìyẹn tí bátìrì fi lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Oòrùn tó ń bá ọ jà lórí fóònù yẹn, òun gan-an ló máa mú kí ọ̀rọ̀ orí eléyìí hàn kedere, àfi bíi pé orí pépà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Kindle Paperwhite tó jáde ní 2021 ni èmi ń lò, ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6.8. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbé e gba Lókòjá kọjá. Èyí tó jáde ní 2024 ti di ínǹṣì 7, dọ́là 159.99 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní Amẹ́ríkà. Kindle kékeré ti ọdún yẹn jẹ́ ínǹṣì 6, dọ́là 109.99, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò ṣe é yí sí pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti àtùpà, omi ò sì gbọdọ̀ kàn án. Tèmi ò gba omi wọlé, ọkàn mi balẹ̀ pé eruku ọyẹ́ náà ò lè rí i gbé ṣe. Paperwhite ni kí o rà.

Dèjì Barnawa
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú tí mo bá sọ tèmi. Àǹtí Àjọkẹ́, fóònù tí ẹ ní yẹn ṣì lè ṣe é. Ẹ lẹ ike tí kì í dán mọ́ ojú rẹ̀, ẹ sọ ojú ewé di dúdú kí ọ̀rọ̀ jẹ́ funfun, kí ẹ wá ra páwà báǹkì tó dára. Owó tí ẹ máa fi ra ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ìwé nìkan lèèyàn lè fi kà, ẹ fi ra ìwé. Èmi náà ń wọ rélùwéè yẹn, fóònù ni mo sì fi ń kàwé láti Rigasa dé Kúbwà.

Màmá Sabon Gari
Ọjọ́ Ajé, aago 6:25 àárọ̀

Àjọkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀ gbogbo yín. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá níbí ní Kánò kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ yìí bóyá ẹ̀rọ tó fẹ́ rà máa lè ka Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọmọ mi ra ẹ̀rọ ìkàwé kan fún mi ní ìgbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Inú mi dùn, torí mo lè sọ lẹ́tà di ńlá bó ṣe wù mí. Mo ṣí ìwé Yorùbá kan sórí rẹ̀. Níbi tó yẹ kí ẹ́ wà, ẹ ni mo rí, àmì orí rẹ̀ ti ṣí kúrò, ó lọ há sí àárín lẹ́tà méjì. Níbòmíràn, àpótí kékeré òfìfo ló wà níbi tó yẹ kí ọ̀ wà. Mo dé ibì kan nínú ìtàn tí wọ́n ti ń sọ nípa ọmọkùnrin kan àti bàbá rẹ̀. Ṣé "bàbá rẹ̀ kọ́ ọ" ni àbí "bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́"? Àmì ti dà rú. Mo ka ewé mẹ́ta sí i kí n tó mọ̀ pé ńṣe ni bàbá lé ọmọ jáde nílé. Mo pa ẹ̀rọ náà dé. Ó dùn mí gan-an ni.

Ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa ló là mí lóye. Ó ní lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní nọ́ńbà kankan tó dá dúró. Ńṣe ni ẹ̀rọ máa mú ẹ, kó wá mú àmì ohùn, kó gbé e lé e lórí. Tí irú lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní font, ò bá mọ ibi tó yẹ kí àmì náà jókòó sí, ibi tó bá rí ló máa jù ú sí. Ó wá bá mi wá font méjì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Charis SIL àti Gentium, tí wọ́n ṣe fún irú èdè bíi tiwa. Ó fi wáyà so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó kó àwọn fáìlì náà sínú fódà tí wọ́n kọ "fonts" sí lára. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rí Yorùbá kà bó ṣe yẹ. Ó ní àwọn lẹ́tà Haúsá tó ní ìkọ́, ɓ, ɗ àti ƙ, wà nínú wọn pẹ̀lú.

Kindle àti Kobo, méjèèjì ló gba kéèyàn fi font tirẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ tí kò bá gbà á, má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ta ọ́ lọ́rẹ.

Àjọkẹ́ Gwarinpa
Ọjọ́ Ajé, aago 7:10 àárọ̀

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ máa pẹ́ fún wa. Mi ò ronú kan èyí rárá. Ojú ẹsẹ̀ ni mo lọ ṣí ìwé Yorùbá orí fóònù mi, mo sì rí i pé àwọn àmì kan ò dúró dáadáa níbẹ̀ náà. Mo kàn ti ń fojú fò wọ́n ni láti ọjọ́ yìí.

Aṣàtúnṣe Wuse
Ọjọ́ Ajé, aago 1:33 ọ̀sán

Mo ń tún fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe ní ìtòsí Banex. Mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má rò pé torí kò gba omi wọlé, eruku ò ní wọ̀ ọ́. IPX8 ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ yín. 8 yẹn jẹ́ ti omi. Àyè eruku ló wà níwájú 8, X ni wọ́n sì kọ síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò dán eruku wò lára rẹ̀. Eruku ọyẹ́ wa níbí wẹ́ ju lẹ́búlẹ́bú lọ. Ojú ihò ṣáàjì ló máa ń lọ dì sí. Àwọn kan á wá máa fi agbára ti wáyà bọ̀ ọ́, títí irin inú rẹ̀ fi máa tẹ̀. Ẹ wá àpò tó ní ìdérí fún un, kí ẹ sì máa fi igi ìtayín oníke gbọn eruku ojú ihò náà jáde jẹ́jẹ́. Ẹ má lo abẹ́rẹ́.

Èkejì: kì í ṣe bátìrì ló ń ba àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́, ojú wọn ló máa ń fọ́. Dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ojú E Ink. Òkè lè máa dán láìsí ìlà kankan lára rẹ̀, kí ti abẹ́ sì ti fọ́. Obìnrin kan gbé ọ̀kan wá bá mi lẹ́yìn iléyá. Ó ní inú báàgì ló fi sí, awakọ̀ gbé báàgì náà sí bùútù, wọ́n sì gbé àpò gàrí lé e lórí. Nígbà tí mo tàn án, ìdajì òkè ṣì ń fi ewé tó kà gbẹ̀yìn hàn, ìsàlẹ̀ ti di ìlà dúdú gbọọrọgbọọrọ. A pa á, a tún un tàn, ewé yẹn ò kúrò níbẹ̀. Owó ojú tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ tuntun, mo sì ní láti sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ara yín ni kó máa wà. Ẹ ra ìdérí tó le, èyí tó rọ̀ ò lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹrù. Nípa ti àtúnṣe, Kobo ṣe ohun kan tó dára ní 2024: wọ́n bá iléeṣẹ́ iFixit ṣe àdéhùn láti máa ta ẹ̀yà ara àwọn ẹ̀rọ wọn Clara BW, Clara Colour àti Libra Colour, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má sanwó kí ẹ tó so ó mọ́ Wi-Fi kí ẹ sì fi orúkọ ara yín wọlé. Tí orúkọ ẹlòmíràn bá ṣì wà lórí rẹ̀, tí ẹni tó ń tà á ò sì lè yọ ọ́ kúrò, ẹ dá a padà fún un. Ẹ gbé e wọ ibi tó ṣókùnkùn, ẹ tan iná rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá òjìji wà ní apá kan. Ẹ wo ihò ṣáàjì pẹ̀lú: Paperwhite tó bá ti jáde ṣáájú 2021, ihò micro USB àtijọ́ ló ní, wáyà fóònù yín ìsinsìnyí ò ní wọ̀ ọ́.

Bàbá Ìbejì Kúbwà
Ọjọ́ Ajé, aago 2:05 ọ̀sán

O káre, mo gbà. Mo ti wo ojú ihò tèmi, eruku ti dì síbẹ̀ lóòótọ́.

Olùkọ́ Samaru
Ọjọ́ Ajé, aago 10:48 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ PDF ICAN yẹn ni mo fẹ́ dá sí, torí ó ti kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi síyọnu níbí ní Zaria. EPUB dà bí omi, bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe tóbi tó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa tò. PDF dà bí fọ́tò. Ojú ewé A4 gùn tó ínǹṣì 14 láti igun dé igun. Tí ẹ bá fún un mọ́ ojú ẹ̀rọ oní-ínǹṣì 6, gbogbo lẹ́tà á súnkì di bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀n 12 á wá dà bí ìwọ̀n 5. Táblì ìṣirò owó tó ní òpó mẹ́fà, mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó lè rí i kà nínú ọkọ̀ tó ń mì.

Àwọn ẹ̀rọ ńlá wà lóòótọ́. Kindle Scribe àkọ́kọ́ jẹ́ ínǹṣì 10.2, iléeṣẹ́ Boox náà ní èyí tó tóbi bẹ́ẹ̀ tó sì ń lo Android. Wọ́n wọ́n, wọ́n sì wúwo. Scribe àkọ́kọ́ jẹ́ gírámù 433. Clara BW ti Kobo jẹ́ 174 péré, ọwọ́ kan lèèyàn fi ń mú un. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi kọ̀ǹpútà ka ICAN nílé, lórí tábìlì pẹ̀lú bírò àti ìwé, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré fún ọ̀nà. Ìwé ìṣirò ò ṣe é kà nínú ọkọ̀ náà, ó nílò ọwọ́ méjèèjì.

Láàárín Kindle àti Kobo, ibi tí ìwé yín ti ń wá ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ pé Amazon, àwọn tó ń ta Kindle, lẹ ti ń ra gbogbo ìwé yín, Kindle ló máa rọ̀ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n EPUB tí ọ̀rẹ́ yín ń fi ránṣẹ́, Kindle kì í ṣí i bó ṣe wà tí ẹ bá fi wáyà kó o sí i. Ẹ ní láti fi ránṣẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ń gba EPUB lọ́nà yẹn láti 2022, tàbí kí ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Calibre yí i padà. Kobo ní tirẹ̀, ẹ kàn fa fáìlì náà sínú rẹ̀ bí ẹni ń kó orin sínú fóònù, ó parí. Ní oṣù kejì 2025 Amazon tún yọ ọ̀nà tí èèyàn fi ń gba ìwé tó ti rà sórí kọ̀ǹpútà kúrò. Ẹ sì rántí OkadaBooks, ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, tó kógbá sílé ní ìparí oṣù kọkànlá 2023. Ìwé tí fáìlì rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ èèyàn, mi ò kà á mọ́ tèmi.

Dèjì Barnawa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:55 àárọ̀

Ọ̀gá Olùkọ́, àlàyé yín yé mi yékéyéké. Mo ṣì dúró lórí pé ẹni tó ń ka ìwé kan ṣoṣo lóṣù mẹ́ta ò nílò ẹ̀rọ yìí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bí Àǹtí ṣe ń kàwé nìyẹn, tí ojú sì ń ta wọ́n, mo fara mọ́ ọn. Ìbéèrè kan: ṣé kò ní fa ojú àwọn èèyàn mọ́ra ní gáréèjì? Ó jọ tábúlẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Ìbejì Kúbwà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:20 àárọ̀

Ó jọ ọ́. Mo rán aṣọ àdìrẹ mọ́ ìdérí tèmi, ìwé àdúrà ni àwọn èèyàn máa ń rò pé ó jẹ́. Mi ò kì í yọ ọ́ ní Jabi tàbí Zuba rárá, àfi tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Tí a bá sì ti dé ibi tí àwọn ṣọ́jà dúró sí, mo máa ń pa á dé kí n gbé ojú sókè. Tó bá jẹ́ òfurufú lo fẹ́ gbà, òun àti páwà báǹkì gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́. Páwà báǹkì tí kò bá ju 100 Wh lọ ni wọ́n máa ń gbà láìsí àṣẹ pàtàkì, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 27,000 mAh.

Àjọkẹ́ Gwarinpa
Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, aago 12:16 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Mo ti rà á. Kobo Clara BW ni. Àǹtí mi kan tó ń bọ̀ láti Tòróńtò ló bá mi gbé e wá, tuntun ni. Ẹ̀rọ kékeré yìí ni mo fi ń ka ìwé báyìí nínú ọkọ̀, a ti kúrò ní Kúbwà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí Màmá wí. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo dá fódà "fonts" sílẹ̀ nínú rẹ̀, mo kó Gentium sí i, lẹ́tà lásán, lẹ́tà dúdú kirikiri àti lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó kó ìtàn Yorùbá mẹ́rin sí i. Mo lọ wá àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù: "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta", "ọ̀ọ́dúnrún", "ìṣẹ̀ṣe". Gbogbo àmì ló jókòó sórí lẹ́tà tirẹ̀, títí kan àwọn tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ pa pọ̀. Mo jókòó, mo kàn ń wò ó.

Apá ọ̀tún ni mo jókòó sí lónìí, oòrùn ń ràn sórí ojú ewé náà, mo sì ń rí i kà ju bí mo ṣe ń rí i kà nínú yàrá mi lọ. Mo ti pa iná inú rẹ̀. ICAN wà nílé lórí kọ̀ǹpútà, bí Olùkọ́ ṣe wí. Fóònù mi ṣì ní bátìrì 91%, inú báàgì ló wà.

Ohun kan ò tẹ́ mi lọ́rùn: ó máa ń fà díẹ̀ tí mo bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé ńlá. Ẹni tó bá ti fóònù bọ̀ ní láti fara balẹ̀ fún un.

Màmá Sabon Gari
Ọjọ́rú, aago 1:02 ọ̀sán

Ọmọ mi, wàá lò ó pẹ́. Ìtàn mẹ́rin tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ yẹn, bá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń tà wọ́n. Mo fẹ́ san owó tèmi kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Kánò.

Àjọkẹ́ Gwarinpa
Ọjọ́rú, aago 2:31 ọ̀sán

Mo ti bá a sọ̀rọ̀, Màmá. Ó ní inú òun dùn gan-an. Lálẹ́ òní lòun máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín. A ti dé Rigasa.